Ọdún Tí Omi Di Ọkọ̀ Mọ́lẹ̀

Bí ọmọ Yorùbá tó wà ní ìlú òyìnbó bá ń ròyìn òtútù fún àwọn ará ilé, ọ̀rọ̀ ẹ̀wù tó nípọn, ìbọ̀wọ́ àti owó iná ló sábà máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí yà kúrò ní ọ̀nà yẹn díẹ̀. Láti Oṣù Kọkànlá ọdún 2010 títí di Oṣù Kejì ọdún 2011, inú ọkọ̀ ojú omi ni mo fi ṣe ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Stoke Bruerne, ní àgbègbè Northamptonshire ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ló rán mi lọ sínú ìwé, kí n lè mọ bí àwọn tó ti gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú mi ṣe ń la ìgbà òtútù já. Èrò tí mo gbé lọ síbẹ̀ ni pé òtútù gan-an ni ọ̀tá wọn. Mo ti pa èrò yẹn tì, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló ni ọkọ̀ náà. Ó fẹ́ rìnrìn àjò fún oṣù mẹ́rin, ó sì ń wá ẹni tí yóò máa bá a dáná sínú rẹ̀ kí omi inú páìpù má baà dì, kí páìpù má baà bẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà, owó ilé ń ni mí lára, n kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá tó bí ìyá mi, ọmọ Ìlàjẹ ni. Mo fi ẹnu ara mi sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé a kì í fi omi dẹ́rù ba ọmọ Ìlàjẹ. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìbáà ṣe ìgbà òjò, ìbáà ṣe ìgbà ọyẹ́, ọkọ̀ ń jáde. Apẹja ń lọ, ọlọ́jà ń lọ, ìyàwó pàápàá ń gba orí omi lọ sí ilé ọkọ. Lójú mi, omi jẹ́ ojú ọ̀nà tí kì í tì. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé òun ni yóò dójú tì mí nígbẹ̀yìn.

Kí ẹni tí kò rí irú ọkọ̀ yìí rí lè fi ojú inú wò ó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ omi tó ń gbà kọjá. Kì í ṣe odò àdámọ́. Kánààlì ni, odò tí ènìyàn fi ṣọ́bìrì àti dígà gbẹ́. Ní ọdún 1761 ni wọ́n ṣí èyí tí wọ́n ń pè ní Bridgewater, tó ń kó èédú láti ibi ìwakùsà ní Worsley lọ sí Manchester. James Brindley, ẹni tó bá wọn ṣe iṣẹ́ náà, ló tún ṣètò ọ̀pọ̀ àwọn kánààlì tó tẹ̀ lé e ní àárín gbùngbùn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ga ju ibòmíràn lọ, wọ́n ń kọ́ yàrá omi tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn. Ọkọ̀ á wọlé, wọn á ti ilẹ̀kùn, wọn á tú omi sí i tàbí kí wọ́n fà á kúrò, ọkọ̀ á sì gòkè tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Kí owó má baà pọ̀ jù, kí omi má sì ṣòfò, Brindley ṣe àwọn yàrá náà ní tóóró: ìbú wọn jẹ́ bí ẹsẹ̀ bàtà 7, gígùn wọn sì tó bí 72. Ìwọ̀n yàrá omi yìí ló di ìwọ̀n ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ náà fi gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, tí ènìyàn méjì kò sì lè kọjá lára ara wọn nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan dúró ní ìhà.

Nígbà àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ àwọn atukọ̀ ló ní ilé lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká, láti àwọn ọdún 1830 síwájú, owó ẹrù já wálẹ̀, atukọ̀ kò sì rí owó ilé àti owó ọmọ iṣẹ́ san pọ̀ mọ́. Ó kó ìyàwó àti ọmọ sínú ọkọ̀. Ìyàwó di igbákejì atukọ̀, ọmọ di ẹni tó ń da ẹṣin ní etí omi, nítorí pé ẹṣin ló ń fi okùn fa ọkọ̀ nígbà náà. Ẹ sì wo ibi tí wọ́n kó sí! Ẹrù ló ni gbogbo ọkọ̀, àfi yàrá kan ṣoṣo ní ẹ̀yìn, tí gígùn rẹ̀ tó bí ẹsẹ̀ bàtà 10, tí ìbú rẹ̀ kò sì pé 7. Bí o bá ṣe ń wọlé, ààrò onírin wà ní ọwọ́ òsì rẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àpótí ara ògiri kan wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí wálẹ̀ di tábìlì oúnjẹ. Ní ìparí yàrá, pákó kan ń ṣí dábùú ọkọ̀, ó ń di ibùsùn tọkọtaya. Àga gbọọrọ ẹ̀gbẹ́ ògiri tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àwọn ọmọ ń sùn sí. Nígbà tí ẹ̀rọ wá rọ́pò ẹṣin ní ọ̀rúndún ogún, ọkọ̀ ẹlẹ́rọ kan a máa fa ọkọ̀ kejì tí kò ní ẹ̀rọ, ìdílé kan náà ló sì ń tu méjèèjì. Wọ́n lè kó bí tọ́ọ̀nù 50 lẹ́ẹ̀kan.

Mo ti ń retí pé irú yàrá bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́ ibi ìyà ńlá ní ìgbà òtútù. Alẹ́ mẹ́ta péré tí mo lò nínú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi ti tó láti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ọkọ̀ tòde òní ni tirẹ̀, irin ni, wọ́n sì ti sọ gbogbo inú rẹ̀ di yàrá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Nídìí ààrò, mo ń bọ́ ẹ̀wù. Lórí ibùsùn tó wà ní òdìkejì, èémí mi ń rú bí èéfín. Èémí náà àti ooru ìkòkò ọbẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ irin tútù, ògiri ń làágùn lóru bí ẹni tí ibà mú, aṣọ tí mo kó sínú àpótí sì bu kí oṣù kan tó pé. Ṣùgbọ́n yàrá kékeré ti àwọn ará àtijọ́, ìwọ̀nba èédú díẹ̀ ló ń mú un gbóná láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Bẹ́ẹ̀ ni èédú kò sì wọ́n wọn, nítorí pé òun gan-an ni ẹrù tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kó. Ẹni tó ń tu ọkọ̀ a máa dúró sínú ẹnu ọ̀nà yàrá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ooru ààrò, tí àyà àti orí rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́. Ìdajì ara rẹ̀ wà ní ilé, ìdajì wà ní ibi iṣẹ́. Nígbà tí mo dúró bẹ́ẹ̀ fúnra mi, mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn yìí kò gọ̀.

Èmi ni mo gọ̀. Ní òpin Oṣù Kọkànlá, òtútù le débi pé mo ń wá gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Mo rí ihò afẹ́fẹ́ méjì nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn iwájú, mo sì fi aṣọ dí wọn pinpin. Mo tún ti ojú ààrò pa díẹ̀ kí èédú lè jó di òwúrọ̀. Bí aago méjì òru, ẹ̀rọ kékeré kan tí ọ̀rẹ́ mi lẹ̀ mọ́ ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Orí ń fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń gún iyán nínú rẹ̀, mo sì kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ náà ló bàjẹ́. Mo nawọ́ kí n yọ bátìrì rẹ̀. Ohun tó mú mi dẹ́kun, n kò lè sọ. Mo rá kòrò dé ilẹ̀kùn, mo ṣí i, mo sì jókòó síta nínú aṣọ oorun, lórí yìnyín, tí mo ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá ọdẹ. Gáàsì carbon monoxide ni. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, èédú tí kò rí afẹ́fẹ́ tó ló ń mú un jáde. Ní ọdún 2010, kò sí òfin tó fi dandan lé e pé kí irú ẹ̀rọ ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú ọkọ̀ ẹni. Láti Oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ tó ní yàrá ìgbé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ilé àyágbé olówó pọ́ọ́kú nílẹ̀ òkèèrè, ẹ dákun, ẹ wo ògiri yín lálẹ́ òní.

Bàbá arúgbó kan wà nínú ọkọ̀ tó wà níwájú tèmi, òyìnbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo ròyìn fún un, kò bá mi kẹ́dùn rárá. Ó wọlé, ó fa àwọn aṣọ náà yọ, ó jù wọ́n sínú ààrò lójú mi, ó sì béèrè bóyá mo rò pé ọlọ́kọ̀ kàn fi ihò síbẹ̀ fún ẹwà ni. Ìtìjú kò jẹ́ kí n fèsì.

Nígbà tí mo wá ń ka ìtàn, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ihò afẹ́fẹ́ nínú yàrá ọkọ̀ ti pẹ́ gan-an. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ George Smith, ará Coalville, ẹni tó ti kọ́kọ́ jà fún àwọn ọmọdé tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe bíríkì. Ní ọdún 1875, ó kọ ìwé nípa àwọn ará kánààlì, ó sì ń pariwo títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi ṣe òfin ọkọ̀ kánààlì ní ọdún 1877, tí wọ́n tún fún un lágbára sí i ní 1884. Òfin náà sọ pé kí a forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, kí a fi òté lé iye ènìyàn tó lè sùn nínú yàrá gẹ́gẹ́ bí ó ti tóbi tó, kí afẹ́fẹ́ sì lè wọlé kí ó jáde. Mo gbà pé Smith ṣe rere, pàápàá fún àwọn ọmọ tí kò rí ilé ìwé lọ nítorí pé ọkọ̀ wọn kì í dúró. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ṣàpèjúwe àwọn ènìyàn náà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀mùtí àti onídọ̀tí tí kò mọ Ọlọ́run, kò dùn mọ́ mi. Ẹni tó bá ti rí inú yàrá wọn ní ilé ìpamọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé yóò rí òdòdó àti ilé olódi tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sára ilẹ̀kùn, idẹ tí a fọ̀ tó ń dán, àwo tí a so mọ́ ògiri, aṣọ ọlọ́nà tí a fi ọwọ́ hun. Aláìmọ̀wé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, òótọ́ ni, òbùn kọ́.

Ní Stoke Bruerne gan-an, nọ́ọ̀sì kan wà tí gbogbo ará omi ń pè ní Sister Mary. Mary Ward ni orúkọ rẹ̀. Láti ilé rẹ̀ létí omi ló ti ń tọ́jú aboyún, ọmọ tó ń wúkọ́ àti ọkùnrin tí okùn bó lọ́wọ́. Ìjọba fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá ní ọdún 1951, ó sì fẹ̀yìn tì ní 1962. Ẹ ó rí i láìpẹ́ pé ọdún tí ó fẹ̀yìn tì yìí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òpin ohun tó ń tọ́jú.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Kánààlì kò jinlẹ̀, omi rẹ̀ kì í sì í ṣàn bí ti odò. Nítorí náà, ó ń dì kí odò tó dì. Bí yìnyín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú, ọkọ̀ lè fi orí fọ́ ọ kọjá, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti pákó, yìnyín tínínrín yẹn ń rẹ́ ẹ ní ojú omi bí ayùn. Okùn tó rin á gan bí igi. Etí yàrá omi á máa yọ̀, ẹni tó bá sì fi ẹ̀wù mẹ́ta àti bàtà wúwo ṣubú sínú rẹ̀ kì í rọrùn láti fà jáde. Wọ́n ń kan ìṣó pàtàkì mọ́ pátákò ẹṣin kí ó má baà yọ̀.

Bí yìnyín bá wá nípọn, wọn a ránṣẹ́ pe ọkọ̀ afọ́yìnyín. Inú mi dùn láti sọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí nítorí pé bí eré ọmọdé ló rí. Ọkọ̀ kúkurú ni, irin ni ara rẹ̀ tàbí pákó tí a fi irin bò, ọ̀pá kan sì wà ní àárín rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àwọn ọkùnrin á dúró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀pá náà, wọn á dì í mú, wọn á sì máa fi ara gbé ọkọ̀ náà sọ́tùn-ún sósì, gbọ̀ngàn-gbọ̀ngàn, bí ẹṣin tó pọ̀ ṣe ń fà á lọ ní eré. Ọkọ̀ á gun orí yìnyín, ìwúwo àti ìjì rẹ̀ á sì fọ́ ọ. Nígbà mìíràn, okùn á já, tàbí kí ọkọ̀ dojú dé kí gbogbo wọn sì bọ́ sínú omi. Ṣùgbọ́n ohun tí a fọ́ ní àárọ̀ tún ń dì ní alẹ́, èyí tó ti fọ́ á sì dì ní wúruwùru, tí yóò le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí èyí bá ti ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, wọn á pe ẹṣin padà sí ilé. Ọkọ̀ á dúró sí ibi tí òru bá ti bá a.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ sórí èdè. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì fún wa lo òjò dídì fún èyí tó ń rọ̀ bí òwú láti òkè, yìnyín sì ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀ fún èyí tó ń já bọ́ bí òkúta. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó so méjèèjì pọ̀ ni dì. Omi dì, ọ̀rá dì, èkọ dì. Ṣùgbọ́n a tún ń di ẹrù, a ń di irun, a ń di ènìyàn tọwọ́ tẹsẹ̀. Ohùn kan náà ni, ohùn ìsàlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń padà sí ohùn àárín nígbà tí a bá fi orúkọ tẹ̀ lé e. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè ni kí wọ́n jà sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo jí tí mo rí i pé ọkọ̀ mi kò mì mọ́ nígbà tí mo ń rìn nínú rẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn: omi dì, ó sì dì mí.

Ní àkókò Oṣù Kejì ọdún 1895, irú ìdìmọ́ bẹ́ẹ̀ dá àwọn kánààlì dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ọdún náà ni wọ́n wọn òtútù tó dé ìwọ̀n Celsius 27 sísàlẹ̀ òdo ní Braemar, Ìlú Scotland. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1947, láti ìparí Oṣù Kìn-ín-ní títí di Oṣù Kẹta, nígbà tí èédú wọ́n débi pé ìjọba ń pa iná ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé, tí ọkọ̀ tó kún fún èédú sì wà lójú omi tí kò lè rìn. Ẹ tún un rò: ọjọ́ tí gbogbo ìlú nílò ẹrù wọn jù lọ ni ọjọ́ tí wọn kò lè gbé e dé.

Ibí yìí ni èrò mi ti yí padà. Owó àwọn atukọ̀ wọ̀nyí ń wá láti orí ẹrù tí wọ́n bá gbé dé ibi tó ń lọ. Bí ọkọ̀ kò bá rìn, kò sí owó. Yàrá wọn gbóná, ìkòkò wọn wà lórí iná, èédú wà níwájú wọn tó tọ́ọ̀nù 50, ebi sì lè wọlé tọ̀ wọ́n nínú ooru yẹn. Òtútù tó ń mú ara, wọ́n ti mọ ọgbọ́n rẹ̀ láti ìgbà bàbá wọn. Ìdúró ni wọn kò ní oògùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1962, òjò dídì bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ kò padà bọ̀ sípò títí di ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹta ọdún 1963. Láti ọdún 1740, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì rí ìgbà òtútù tó le tó bẹ́ẹ̀. Omi òkun dì ní etíkun Herne Bay. Ní Oxford, ẹnì kan wa mọ́tò kọjá lórí odò Thames. Lórí kánààlì, àwọn ọkọ̀ tó ti gbé ẹrù dúró ní ẹsẹẹsẹ, èéfín ń jáde lórí wọn, ó ju oṣù méjì lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń retí èédú kò lè dúró. Wọ́n pe ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tí yìnyín yọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà wá mọ́.

Ohun tó tún mú ọ̀rọ̀ náà korò ni pé ọjọ́ kìíní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1963, láàárín yìnyín yẹn gan-an, ni àjọ tuntun kan, British Waterways Board, gba àkóso àwọn kánààlì ìjọba. Nínú ọdún kan náà, àjọ náà fi èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ fífi ọkọ̀ tóóró kó ẹrù sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ aládàáni kan, Willow Wren, gba díẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Àwọn kan máa ń sọ pé òtútù ọdún yẹn ló pa òwò náà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Àìsàn ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀: ní 1959 ni wọ́n ti ṣí òpópónà M1, tó gba ibi tí kò jìnnà sí Stoke Bruerne kọjá, epo rọ̀bì sì ti ń gba ipò èédú. Yìnyín kàn fún àwọn oníbàárà ní oṣù méjì láti dán ọ̀nà mìíràn wò ni. Èédú tí wọ́n ń kó láti Atherstone lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe jáàmù ní Southall ló kẹ́yìn nínú àwọn ẹrù ọ̀nà jíjìn tó ń lọ déédéé, ìyẹn náà sì parí ní Oṣù Kẹwàá ọdún 1970. Àwọn ìdílé gòkè sórí ilẹ̀. Ní Stoke Bruerne, wọ́n ṣí ilé ìpamọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kánààlì sínú ilé ọkà àtijọ́ kan. Ọdún tí wọ́n ṣí i? Ọdún 1963.

Mo sábà máa ń kọjá níwájú ilé náà ní Oṣù Kejìlá 2010, nígbà tí omi di èmi náà mọ́lẹ̀. Oṣù Kejìlá yẹn ló tutù jù ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1890. Omi inú àgbá ọkọ̀ tán, ibi tí a ti ń pọn omi wà ní ìhà kejì, n kò sì lè gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Mo ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ti ike omi méjì ní etí kánààlì, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, tí mo ń rántí ìyá mi àgbà tí omi wà lábẹ́ ilé rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń ta èédú fún àwa tó ń gbé ojú omi kò lè dé. Mo ń ra àpò kọ̀ọ̀kan ní ilé epo lójú títì, mo sì ń rù ú bọ̀ ní èjìká. Iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe káàánú mi. Owó ẹ̀kọ́ mi ń wọlé ní ìparí oṣù, yálà ọkọ̀ rìn tàbí kò rìn. Ní ọjọ́ tí ó bá sú mi, mo lè ti ilẹ̀kùn kí n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Northampton. Bàbá arúgbó iwájú mi rí i pé mo ń fi ọwọ́ gbọn yìnyín tó yí ọkọ̀ ká dànù pẹ̀lú ìtara, ó sì bi mí pé níbo ni mò ń kánjú lọ. N kò ń kánjú lọ síbì kankan.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kìn-ín-ní, mo jí ní òwúrọ̀ kan, mo tẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ sì mì díẹ̀ lábẹ́ mi. Mo dúró sójú kan, mo tún tẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ láti ọ̀nà àwọn yàrá omi méje tó wà nísàlẹ̀ abúlé, ọkọ̀ eléèédú sì yọ, ó ń fi orí ti wóró yìnyín sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkùnrin tó ń tù ú dúró sínú ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ìdajì nínú, ìdajì lóde. Mo ra àpò mẹ́ta. Bàbá ra méjì. Ọkùnrin náà ní kí a tètè gbé wọn wọlé, nítorí pé òun fẹ́ la ihò abẹ́ òkè já dé Blisworth kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn kan sì ń retí òun níbẹ̀.